Bí Oyè Alhaji Bákàrè Ṣe Jẹ Kílò Ìjọba

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́ kí ẹ má baà máa fura sí mi: n kò fẹ́ràn Alhaji Bákàrè Abọ́dẹrìn, n kò sì ní í díbọ́n pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ Yorùbá Kumasi ni bíi tèmi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá ta ọjà, Fante New Town ni wọ́n bí òun sí, Twi ló sì kọ́kọ́ fi bú ènìyàn. Nígbà tí ìjọba fi í ṣe ọ̀gá Àjọ Ìwọ̀n Pípé ní Kumasi, inú gbogbo wa dùn, a pa màlúù, a ka Kùránì. Ká ní a mọ̀ ni, adìẹ là bá pa.

Iṣẹ́ Àjọ Ìwọ̀n Pípé kò ṣòro láti yé ènìyàn. Accra ni ìyá gbogbo kílò orílẹ̀-èdè wà, nínú yàrá tútù tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìyá yìí ní àwọn ọmọ, wọ́n sì fi ọmọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn ìlú ńlá. Tiwa jẹ́ idẹ rìbìtì kan, kílò márùn-ún géérégé, tó ń dán. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá sikéèlì ń parọ́: sikéèlì alápatà, ti àwọn tó ń ra kòkó, ti nọ́ọ̀sì tó ń gbé ọmọ ọwọ́ lé e. Òfin rẹ̀ kò sì le. A kì í fi ọwọ́ lásán kàn án, a kì í fi irin ha á, lọ́dọọdún a sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí Accra kí wọ́n fi í wé ìyá rẹ̀.

Alhaji ka àwọn òfin náà, kò sì rí orúkọ ara rẹ̀ nínú wọn. Ìyẹn ló dùn ún jù. Nígbà tí Accra kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé kílò wá fún àyẹ̀wò, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì.

“Kí kílò Kumasi lọ wólẹ̀ fún kílò Accra? Ní ìlú wo? Lábẹ́ ta? Bí ìyá rẹ̀ bá fẹ́ rí i, kí ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ máa bọ̀!”

“Ampa, Alhaji! Òdodo ọ̀rọ̀ paa!” ni Lúkmàn fi gbè é.

Lúkmàn yìí ni akọ̀wé rẹ̀. Wọ́n gbà á síṣẹ́ kí ó máa tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni pé kí ó máa rẹ́rìn-ín kí Alhaji tó parí àwàdà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, òun ni yóò to àwọn òṣìṣẹ́ sí ìlà, wọn yóò gbé kílò náà jáde lórí tìmùtìmù àrán pupa, òun yóò sì máa fa orúkọ ọ̀gá rẹ̀ gùn bí ẹni ń pe ìrun. Ẹni tó bá wúkọ́ láàárín rẹ̀ kò ní í gba ìsinmi lóṣù yẹn.

Ní ọjọ́ kan, Alhaji dúró wo kílò náà títí, ó mí kanlẹ̀.

“Lúkmàn, ohun tó dán tó báyìí, kò ní orúkọ kankan lára. Bí a bá kú, báwo ni ayé yóò ṣe mọ̀ pé ìgbà tiwa ló dán?”

Ẹ ṣàkíyèsí “tiwa” yẹn o. Alhaji kì í pe ara rẹ̀ ní èmi. Ó ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé kílò ìjọba sínú báàgì ọ̀rá dúdú, ó di ọ̀dọ̀ Khàlíl alágbẹ̀dẹ wúrà ní Fante New Town. Khàlíl kò bèèrè ohun tí ó jẹ́. Ohun tó bèèrè ni bóyá kí lẹ́tà náà hàn fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kí ó jìn.

“Kí ó jìn!” ni Alhaji pariwo. “Kí afọ́jú lè fi ìka kà á!”

“Insha Allah, Alhaji. A ó gbẹ́ ẹ dé ìfun.”

Ó sì gbẹ́ ẹ. Ó kọ́kọ́ gbẹ́ orúkọ àti orúkọ bàbá yí i po. Nígbà tí mọ́ṣáláṣí Tafo fi Alhaji jẹ Bàbá Àdínì, wọ́n gbé kílò padà wá, wọ́n gbẹ́ ìyẹn sí i. Àwọn Haúsá àdúgbò Zongo fi í jẹ Sarkin Gaskiya, èyí tó túmọ̀ sí ọba òtítọ́, wọ́n gbẹ́ ìyẹn náà. Yunifásítì kan tí kò ní ilé níbì kankan àfi lórí fóònù sọ ọ́ di dókítà, èyí sì gba ẹ̀gbẹ́ kan pátá nítorí Alhaji ní dandan ni kí wọ́n ya fìlà dókítà mọ́ ọn. Nígbà tó wá fẹ́ kí Lúkmàn gbé kílò kọ́rùn níbi ìwọ́de òmìnira, wọ́n lu ihò gba inú rẹ̀ já kí rìbọ́ọ̀nù lè kọjá. Ọrùn Lúkmàn wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ọlá ló tẹ òun.

Èérún idẹ tó ń bọ́ sílẹ̀ ńkọ́? Khàlíl kì í fi nǹkan ṣòfò. Ó gbá wọn jọ, ó yọ́ wọn, ó fi rọ yẹtí fún Tòyíbàt ìyàwó rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé obìnrin náà ní Fante New Town, ẹ fi ọ̀wọ̀ kí etí rẹ̀, nǹkan ìjọba ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Alhaji kò rí i. Bí oyè rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni kílò ń rù.

Kílò tó ti rù yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé yí Asafo àti Tafo ká. Wọn á gbé e lé sikéèlì. Èyí tí kò bá pè é ní márùn-ún, wọn á yí ìdè abẹ́rẹ́ rẹ̀ títí yóò fi pè é bẹ́ẹ̀, wọn á sì lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí nǹkan ìyanu bẹ̀rẹ̀. Àpò ìrẹsì tí ilé iṣẹ́ kọ àádọ́ta kílò sí lára wá ń wọ̀n ju àádọ́ta lọ lọ́jà. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn ń gbé lọ wọ̀n ní ilé ìwòsàn sanra lójijì. Ẹlòmíràn ì bá ti bẹ̀rù. Alhaji pe àwọn oníròyìn.

“Ẹ̀yin ará Kumasi,” ni ó wí níwájú máíkì, “láti ìgbà tí ìṣàkóso wa ti dé, ìrẹsì ń pọ̀ nínú àpò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù kún un. Àwọn ọmọ tó rù ń sanra láìjẹ́ pé wọ́n jẹun. Àwọn onímọ̀ yóò wá àlàyé títí, wọn kò ní í rí i. Ara wa ni ìbùkún náà ti ń wá!”

“Albarka!” ni Lúkmàn ké. “Albarka Alhaji!”

Àwọn ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Ó ń dùn mí títí di òní. Àwọn ọmọ tí sikéèlì ní wọ́n ti sanra yẹn, ṣe ni wọ́n yọ wọ́n kúrò lára àwọn tó ń gba mílíìkì ọ̀fẹ́. Àwọn ìyá wọn pàtẹ́wọ́ tán, wọ́n pọn wọ́n padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ìsọ̀ Sùwéébátù ni Alhaji ti kọsẹ̀. Sùwéébátù, ìyá Sàlímà, ń ta ìrẹsì àti ṣúgà ní Asafo, obìnrin tí kì í gba gbẹ̀rẹ́ ni. Ní mọ́ṣáláṣí Tafo, òun ni wọ́n ń gbé ìrẹsì jákà fún pé kí ó wọ̀n, èyí tí à ń pín fún aláìní kí a tó kírun ọdún ìtúnu. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, òun ló gbà á, ó sì ń retí ọjọ́ tí yóò fi lé Sàlímà lọ́wọ́. Kò sí oyè nínú rẹ̀. Wọ́n kàn mọ̀ pé ọwọ́ ilé wọn kì í dín, kì í lé, òun sì kà á sí ju wúrà lọ.

Alhaji fúnra rẹ̀ ló wá síbẹ̀ bí ààwẹ̀ ti wọlé, pẹ̀lú agbádá tó gba ojú ọ̀nà àti Lúkmàn tó gbé mẹ́gáfóònù dání. Wọ́n gbé kílò lé sikéèlì Sùwéébátù. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbéra, ó dúró kí ó tó dé márùn-ún.

“Sikéèlì yìí dín!” ni Lúkmàn ké sínú mẹ́gáfóònù, gbogbo Asafo gbọ́.

“Alhaji, ẹ dákun, ẹ wò ó dáadáa,” ni Sùwéébátù wí. “Àpò àádọ́ta tí n kò tíì tú, tí okùn ilé iṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àádọ́ta gẹ́lẹ́ ni sikéèlì mi ń pè é. Bí ẹ bá sì ní tèmi ń pe nǹkan ní kékeré, a jẹ́ pé àlékún ni mò ń fún oníbàárà. Ṣé ẹni tó ń fúnni ní àlékún ni olè?”

Ìbéèrè tó dáa ni. Alhaji gbìyànjú láti ronú sí i, ẹ rí i lójú rẹ̀ pé ìrònú náà ń ro ó.

“Ó burú ju olè lọ!” ni ó bú jáde. “Olè a máa jí ti ẹlòmíràn, ìwọ obìnrin yìí ń jí ti ara rẹ! O tún wá ń parọ́ mọ́ kílò tí orúkọ wa wà lára rẹ̀. Ta ló ní kí sikéèlì ìrẹsì máa pe Sarkin Gaskiya ní kékeré?”

Lúkmàn tẹ̀ sí etí obìnrin náà. “Ìyá Sàlímà, ẹ jẹ́ kí a kàn yí ìdè rẹ̀, kakra pɛ, díẹ̀ báyìí, ó tán.”

“Wallahi, ẹ kò ní í yí i.”

Wọ́n gbé sikéèlì lọ, wọ́n fi àgádágodo há ìsọ̀ náà. Ọjà kò dúró gbọ́ ti àlékún. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé sikéèlì Sùwéébátù dín, ó sì ti dé Tafo kí òun fúnra rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ tírótírò délé. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Alfa Rahim, lèmọ́mù wọn, ka súrà tó bá àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù wí, ọrùn àwọn ènìyàn sì ń yí sí apá àwọn obìnrin. Lẹ́yìn ìrun, ó pè é sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.

“Ìyá Sàlímà, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ̀n jákà ti ọdún yìí. Ẹnu àwọn ènìyàn ni.”

Sùwéébátù ní ó dáa. Ó délé, ó jókòó sórí ẹní, ó sunkún títí ẹ̀rù fi ba Sàlímà.

Ẹ má rò pé ẹnì kan ló wá lọ fẹjọ́ Alhaji sùn ní Accra. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n. Ó gbọ́ pé Màdáàmù Afriyie, ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò Accra, ń bọ̀ ní Kumasi, Lúkmàn sì ní bí obìnrin náà bá rí kílò yìí, dandan ni kí orílẹ̀-èdè fún Alhaji ní àmì ẹ̀yẹ. Ni wọ́n bá ta kánópì síwájú ọ́fíìsì, wọ́n to àga, wọ́n háyà àwọn onífèrè. Alhaji sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí kánópì náà po.

“Màdáàmù tó ti etí òkun wá,” ni ó wí nígbẹ̀yìn, “kí àwa tó dé ibí yìí, òkùnkùn ni. Kílò kàn jókòó ni! Kò kàwé, kò joyè, kò lọ sí Mẹ́kà. Àwa la sọ ọ́ di ènìyàn!”

Ó ká àrán kúrò, àwọn onífèrè fọn ọ́n. Kílò náà jókòó síbẹ̀, rìbọ́ọ̀nù láyà, ara rẹ̀ rí wúruwùru bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná jà. Màdáàmù Afriyie yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

“Alhaji, ta ló kọ nǹkan sí i lára?” Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àánú sì ṣe é, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un pé kí ó gbabẹ̀ sá. “Bóyá ọ̀gá tó wà níbí ṣáájú yín ló ṣe é?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilẹ̀kùn yẹn fẹ̀. Màlúù tí a pa lè gba ibẹ̀ kọjá. Èmi tí n kò fẹ́ràn rẹ̀ yìí, ká ní mo wà nítòsí, mo lè tì í gbabẹ̀.

“Èyí tó wà ṣáájú kẹ̀?” Alhaji gbá àyà ara rẹ̀. “Ọkùnrin tí kò ní oyè kan ṣoṣo! Kí ni ì bá kọ? Èmi ni! Èmi nìkan ni mo kọ gbogbo rẹ̀!”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò pe ara rẹ̀ ní ẹnì kan ṣoṣo. Ó fi ìka tọ́ka sí àwọn oyè náà níkọ̀ọ̀kan, èyí tó gbà ní Tafo, èyí tó gbà ní Zongo, fìlà dókítà. Màdáàmù ní ihò ńkọ́, ó ní ti òmìnira nìyẹn.

Màdáàmù Afriyie dìde. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ òun wá láti inú ọkọ̀, ó gbé kílò Alhaji lé e. Àwọn onífèrè ń dákẹ́ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù kí ó pé kílò márùn-ún tó ọsàn kan tó tóbi.

“Ẹ̀rọ Accra ló ń parọ́,” ni Alhaji wí.

Ó gbé kílò Accra lé e. Márùn-ún gẹ́lẹ́.

“Alhaji, tiyín ló dín.”

“Bí ó bá tilẹ̀ dín,” ni Alhaji wí, ó na ọrùn, “ṣé àwọn oyè tó wà lára rẹ̀ kò tó láti dí i ni?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Lúkmàn pàápàá ń wo bàtà ara rẹ̀, ó sì ti ń rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà náà ni ohùn obìnrin kan dún láti ẹ̀yìn kánópì.

“Madam, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́! Sikéèlì mi wà nínú ilé yẹn. Ẹ bá mi gbé tiyín lé e.”

Sùwéébátù ni. Wọ́n gbé sikéèlì rẹ̀ jáde pẹ̀lú eruku, wọ́n gbé kílò Accra lé e. Abẹ́rẹ́ gbéra, ó dé márùn-ún, ó dúró síbẹ̀.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ kò mọ àwọn ọlọ́fíìsì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n sì fẹnu kò pé Alhaji yóò fẹ̀yìn tì nítorí àìlera, kí ọ̀rọ̀ má baà di ariwo. Lúkmàn gbé sikéèlì wá bá Sùwéébátù ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

“Ìyá Sàlímà, ẹ gbé e, ẹ bá wa pa ẹnu mọ́. Ọmọ wa ni Alhaji. Ẹ má jẹ́ kí àwọn Asante máa fi wá rẹ́rìn-ín.”

“Lúkmàn, nígbà tí ẹ ń pè mí ní olè, èwo nínú àwọn Asante ni kò gbọ́?” Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. “Gbangba ọjà lẹ ti sọ ọ́. Gbangba ọjà ni kí ẹ ti wá kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Èmi kò gbé nǹkan gba ẹ̀yìnkùlé.”

Ó jókòó síbẹ̀ títí Màdáàmù Afriyie fi jáde, ó sì tún un sọ fún òun náà. Màdáàmù ní òótọ́ ló wí, kí Alhaji lọ sí Asafo ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Alhaji lọ. Ó wọ agbádá mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó nípọn: pé nínú ìrìn àjò ìdàgbàsókè ètò ìwọ̀n, àwọn ìyàtọ̀ kan lè ti jẹ yọ, èyí tí àwọn tó kàn lè ti rí bí ohun tí kò rọgbọ. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan tó rò pé Alhaji ń du ipò aṣòfin bèèrè ibi tí wọ́n ti ń pín aṣọ ìpolongo.

“Alhaji,” ni Sùwéébátù wí, “wọn kò gbọ́. Ẹ sọ ọ́ ní Twi.”

Twi ni èdè tí Alhaji ti mọ̀ láti kékeré, kò sì rí ibi tó lè sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè.

“Sùwéébátù nyɛ krɔmfoɔ,” ni ó wí. Sùwéébátù kì í ṣe olè.

“Ẹ gbóhùn sókè díẹ̀.”

Ó gbóhùn sókè. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú pé kílò òun gan-an ló dín. Alfa Rahim, tó dúró láàárín èrò pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, wá bá Sùwéébátù níwájú gbogbo ènìyàn. “Ìyá Sàlímà, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin lẹ ó wọ̀n jákà.” Obìnrin náà fi ìdí gèlè nu ojú, inú rẹ̀ sì dùn.

Alhaji rò pé ó ti parí, ó ti ń wá ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ìyá Àmọ̀pé, ìyá arúgbó tó ń gbé Tafo, gbé ọ̀rá ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà.

“Alhaji, òǹtẹ̀ yín wà lára sikéèlì tí wọ́n fi wọ̀n èyí. Bí kílò yín bá dín, a jẹ́ pé ìrẹsì mi dín. Ẹ bu ìyókù kún un fún mi.”

Ẹlòmíràn gbé ṣúgà lé e. Ẹlòmíràn gbé ẹ̀wà. Kí Alhaji tó ṣẹ́jú, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti kún, wọ́n ń to ti ilẹ̀ yí táyà ká, dírẹ́bà sì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó wo ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé e wá. Ọlọ́pàá náà di ọ̀rá gàrí kan mú, ó ń dúró de ìyókù tirẹ̀.

Ní gbogbo Asafo, ìsọ̀ kan ṣoṣo ni sikéèlì tó pé wà. Sùwéébátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí àgádágodo ni, èrò sì ti tò síwájú rẹ̀. Alhaji tò sẹ́yìn wọn nínú oòrùn, agbádá ń wọ́ nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbà kí ó ré òun kọjá. Nígbà tó kàn án, ó ní kí wọ́n wọ̀n ìrẹsì fún òun, kí òun lè fi dí ti Ìyá Àmọ̀pé. Sùwéébátù bù ú, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ fi dé ibi tó yẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Alhaji tẹ̀ síwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́.

“Ìyá Sàlímà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èènì lé e fún mi.”

Sùwéébátù wo abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ṣa wóró ìrẹsì mélòó kan kúrò lórí àwo, ó dà wọ́n padà sínú àpò.

“Ó ti pé, Alhaji,” ni ó wí. “Ta ló kàn?”